Adúnnísàlẹ̀ Ńlá Kan Tàbí Kékeré Mélòó Kan: Àlàyé Lórí Ẹ̀rọ àti Orúkọ Rẹ̀

1. Ìfáàrà

Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ṣòro láti bi, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ gba sùúrù. Bí ènìyàn bá fẹ́ ra ẹ̀rọ tí gbogbo ọjà ń pè ní sípíkà, tí ó rí méjì tí owó wọn kò jìnnà sí ara wọn, tí ọ̀kan ní wúfà ńlá kan ṣoṣo nínú, tí èkejì sì ní wúfà kékeré mẹ́rin, èwo ni kí ó yàn?

Mo bá ìbéèrè yìí pàdé nínú ìgbìmọ̀ kan tí a gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ pé kí ó ra irinṣẹ́ fún gbọ̀ngàn kan tí a ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè ìlù. Ẹnì kan nínú wa ní kí a ra ńlá, nítorí pé ìyá ìlù kì í ṣe ẹgbẹ́ gúdúgúdú. Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, pé kékeré mẹ́rin yóò borí ńlá kan. A jiyàn títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Níkẹyìn, ńlá ni a rà. Nígbà tí a gbé e kalẹ̀, inú àwọn tí ó jókòó ní iwájú gan-an dùn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà ní igun méjèèjì gbọ̀ngàn ní àwọn ń gbọ́ ariwo ìlù, àwọn kò gbọ́ ohun tí ìlù ń wí.

Láti ìgbà náà ni mo ti rí i pé kì í ṣe àìmọ̀ nípa ẹ̀rọ nìkan ni ó kó wa sí wàhálà. Ọ̀rọ̀ náà, 'ńlá', wà lára ohun tí ó ṣì wá lọ́nà. Ohun mẹ́ta tí kò jọra ni a kó pọ̀ sínú rẹ̀: fífẹ̀ ojú ẹ̀rọ, bí ìró ṣe ń ké tó, àti bí ìró ṣe lọ sísàlẹ̀ tó. Bí a kò bá ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, a kò lè dáhùn ìbéèrè náà ní èdè Yorùbá, bí ó ti wù kí a mọ ẹ̀kọ́ físíìsì tó. Nítorí náà, èmi yóò máa ṣe àlàyé ẹ̀rọ, èmi yóò sì máa wá orúkọ tí ó yẹ fún un bí a ti ń lọ.

2. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ìró jẹ́ ìgbọ̀nrìrì afẹ́fẹ́. Ohunkóhun tí ó bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, tí ó sì ń fà á sẹ́yìn ní ìgbà púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ń dá ìró sílẹ̀. Irú ẹ̀rọ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lónìí fún iṣẹ́ yìí ni èyí tí Chester Rice àti Edward Kellogg, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà, gbé àlàyé rẹ̀ jáde ní ọdún 1925. Wáyà tí a ká róbótó ni ó wà láàárín òòfà. Bí iná tí ó ń ti inú ampilifáyà wá bá gba inú wáyà yìí kọjá, agbára òòfà yóò máa tì í síwájú, yóò sì máa fà á sẹ́yìn. Ìdí ohun kan tí ó rí bí àrọ, tí a fi pépà, ike tàbí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe, ni a lẹ wáyà náà mọ́. Bí wáyà bá ti ń lọ tí ó ń bọ̀, àrọ náà yóò máa bá a lọ, yóò sì máa ti afẹ́fẹ́ tí ó wà níwájú rẹ̀. Àrọ yìí ni mo ń pè ní awọ, nítorí pé iṣẹ́ tí awọ ìlù ń ṣe ni òun náà ń ṣe.

Iye ìgbà tí awọ bá lọ tí ó sì bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni mo ń pè ní ìye ìgbọ̀nrìrì, a sì ń kọ Hz sí ẹ̀yìn rẹ̀. Etí ọmọ ènìyàn lè gbọ́ láti nǹkan bí 20 Hz títí dé nǹkan bí 20,000 Hz. Bí ìye yìí bá kéré, ìró yóò lọ sísàlẹ̀. Bí ó bá pọ̀, ìró yóò lọ sókè. Ìró ń rìn ní nǹkan bí mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà tí ooru ojú ọjọ́ bá jẹ́ ìwọ̀n 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí a bá fi ìye ìgbọ̀nrìrì pín 343, a ó rí gígùn ìgbì kọ̀ọ̀kan. Ìgbì 40 Hz gùn tó mítà 8.6, ìgbì 1,000 Hz gùn ní sẹ̀ǹtímítà 34, ìgbì 10,000 Hz kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 3.4 lọ. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ fi àwọn òǹkà wọ̀nyí sọ́kàn, nítorí pé a ó padà wá bá wọn.

3. Orúkọ tí ó yẹ ẹ̀rọ náà

Gbohùngbohùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe sípíkà. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ẹrù tí a dì lé e lórí ti pọ̀ jù. Òun ni a fi ń pe ìró tí ó ta padà láti ara òkè. Òun ni àwọn kan fi ń pe ẹ̀rọ tí a ń sọ̀rọ̀ sí lẹ́nu. Òun náà ni àwọn mìíràn sì fi ń pe ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ ń ti inú rẹ̀ jáde. Àpẹẹrẹ ọ̀nà àbáyọ wà nínú agbohùnsílẹ̀, tí gbogbo wa ti gbà. Ọ̀rọ̀-ìṣe 'gba' ni ó wà nínú rẹ̀. Bí a bá tọ ọ̀nà kan náà, ẹ̀rọ tí a ń sọ̀rọ̀ sí yóò jẹ́ agbohùnwọlé, èyí tí ń gba ohùn wọlé, ẹ̀rọ kejì yóò sì jẹ́ agbóhùnjáde, èyí tí ń gbé ohùn jáde. Kí ẹni tí ó bá ń kọ wọ́n sílẹ̀ má ṣe fi àmì ohùn ṣeré: 'gba ohùn' di 'gbohùn', ṣùgbọ́n ohùn òkè tí ó wà lórí 'gbé' kò bá fáwẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lọ nígbà tí a pa á jẹ, ó jókòó sórí 'gbóhùn'.

Wàyí o, inú agbóhùnjáde kan náà ni a máa ń to ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta sí, tí olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí tí ọjà ń pè ní wúfà ni ó ń mú ìró ìsàlẹ̀ jáde, ìyẹn ìró tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní báàsì. Kí ni kí a pè é? Àwọn kan ti dábàá 'sípíkà ńlá'. Mo ta ko èyí, nítorí pé orúkọ náà ti dáhùn ìbéèrè kí a tó bi í. Ẹni tí ó bá ń pe wúfà ní 'ńlá' kò tún lè béèrè bóyá kékeré lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ni ó yẹ kí a fi sọ ẹ̀rọ lórúkọ.

Mo kọ́kọ́ ronú nípa 'agbéró-ìsàlẹ̀', láti inú gbé àti ìró. Mo kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí mo ka á sókè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, tí gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, nítorí pé agbèrò ibùdókọ̀ ni ó sọ sí wọn lọ́kàn. Mo wá fara mọ́ adúnnísàlẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì: adúnláàárín, àti adúnlókè fún èyí tí ń mú ìró tín-ín-rín jáde. Àwọn tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìró èdè Yorùbá ti mọ ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè tẹ́lẹ̀, nítorí náà orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní ṣe àjèjì sí wọn.

Ewu kan wà níbẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, bí a bá ní kí ẹnì kan 'gbé ohùn sókè', a kò sọ pé kí ó fi ohùn tín-ín-rín sọ̀rọ̀, a ní kí ó sọ̀rọ̀ kí a gbọ́ ni. Bí a bá sì ní kí ó 'rẹ ohùn sílẹ̀', kí ariwo dínkù ni a ń wí. 'Òkè' àti 'ilẹ̀' ń ṣe iṣẹ́ méjì. Nítorí náà, nínú ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, mo dábàá pé kí a fi òkè àti ìsàlẹ̀ mọ sí ọ̀rọ̀ ìye ìgbọ̀nrìrì, kí a sì máa lo ìwọ̀n kíké fún bí ìró ṣe pọ̀ tó létí. Bí a bá ti ṣe èyí, a lè sọ láìsí ìdàrúdàpọ̀ pé ìró kan wà ní ìsàlẹ̀, ó sì ń ké gan-an.

4. Afẹ́fẹ́ tí a ń tì

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n kíké. Ní ìsàlẹ̀, ohun tí ó ń pinnu bí ìró yóò ṣe ké tó ni ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí awọ lè tì. Ohun méjì ni ó para pọ̀ di ìwọ̀n yìí: fífẹ̀ ojú awọ, àti ìrìn awọ, ìyẹn bí ó ṣe lè lọ síwájú kí ó sì padà sẹ́yìn tó. A ń sọ ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú èkejì ni.

Awọ jẹ́ òbírí, fífẹ̀ ojú òbírí sì ń tẹ̀ lé ìlọ́po ìdábùú rẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. Bí ìdábùú bá di ìlọ́po méjì, ojú rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, lórí ìwé, adúnnísàlẹ̀ mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 6 bá ọ̀kan tí ó jẹ́ ínṣì 12 dọ́gba. Adúnnísàlẹ̀ mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 10 yóò sì fẹ̀ ju méjì tí ó jẹ́ ínṣì 18 lọ. Ṣùgbọ́n ínṣì tí oníṣòwò ń kà fún wa, láti etí irin kan dé èkejì ni ó ti ń kà á, bẹ́ẹ̀ ni irin tí ó yí awọ ká kì í ti afẹ́fẹ́. Ìpín tí irin náà ń gbà lára ẹ̀rọ kékeré máa ń pọ̀ ju èyí tí ó ń gbà lára ẹ̀rọ ńlá lọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi òǹkà ṣe àpẹẹrẹ. Kí a sọ pé ojú awọ adúnnísàlẹ̀ ínṣì 12 kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 500 níbùú-lóòró, tí ó sì lè rìn mìlímítà 5 síwájú. Afẹ́fẹ́ tí yóò tì yóò jẹ́ 250 ní òṣùwọ̀n sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́ta. Kí a sọ pé ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn kékeré mẹ́rin jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 115. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 460. Bí àwọn náà bá lè rìn mìlímítà 5, wọn yóò ti 230, èyí tí kò jìnnà sí 250. Ṣùgbọ́n bí ìrìn wọn kò bá ju mìlímítà 3 lọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí lára ẹ̀rọ kékeré tí kò wọ́n, 138 péré ni wọn yóò tì, èyí tí ó fi díẹ̀ ju ìdajì ti ńlá lọ. Ẹni tí ó bá ka iye awọ, tí kò béèrè ìrìn awọ, ìdajì ìṣirò ni ó ṣe.

Ìṣirò yìí tún le sí i bí a bá ti ń sọ̀ kalẹ̀. Kí ìró 40 Hz tó lè ní agbára kan náà pẹ̀lú ìró 80 Hz, awọ gbọ́dọ̀ ti afẹ́fẹ́ ní ìlọ́po mẹ́rin. Láti 80 Hz dé 20 Hz, ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ni. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ kékeré fi ń dá ọ̀rọ̀ ẹnu sọ dáadáa ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó ìró ìsàlẹ̀ pátápátá.

5. Púpọ̀ kò sọ kékeré di jíjìn

Ibí yìí ni àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí a bá kó adúnnísàlẹ̀ kékeré jọ, wọn yóò lọ sísàlẹ̀ ju bí ọ̀kan ṣe lè lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kíké ni ó ń pọ̀ sí i, ìsàlẹ̀ kò yí padà.

Awọ kọ̀ọ̀kan ní ìye ìgbọ̀nrìrì àdánidá tirẹ̀. Wíwúwo awọ àti bí ohun tí ó so ó mọ́ra ṣe le tó ni wọ́n ń pinnu rẹ̀. Onílù dùndún mọ èyí dájú. Nígbà tí ó bá fún ọṣán mọ́ra, awọ ìlù kò kéré sí i, síbẹ̀ ohùn rẹ̀ lọ sókè, nítorí pé awọ náà ti le sí i. Fífẹ̀ nìkan kọ́ ni ó ń sọ ibi tí ohùn yóò wà. Òótọ́ ni pé awọ ńlá máa ń wúwo ju kékeré lọ, ìyẹn ni ó sì fi máa ń rọrùn fún un láti sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n awọ kékeré kan tí a mú wúwo, tí a sì so dẹ̀ díẹ̀, lè lọ sísàlẹ̀ ju ńlá kan tí ó le lọ. Ohun tí yóò pàdánù ni kíké.

Bí a bá wá fi adúnnísàlẹ̀ mẹ́rin tí ó jọra sínú àpótí tí ó tóbi ní ìlọ́po mẹ́rin, ó dà bí ẹni pé a fi ògiri pín àpótí náà sí yàrá mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú tirẹ̀. Ibi tí ọ̀kan bá ti dákẹ́ nínú yàrá rẹ̀ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò ti dákẹ́. Omele mẹ́rin tí a lù papọ̀ yóò ké ju ọ̀kan lọ, ṣùgbọ́n wọn kò ní di ìyá ìlù. Bí a bá sì há wọn mọ́ inú àpótí kékeré, afẹ́fẹ́ inú àpótí náà yóò le bí ọṣán tí a fún mọ́ra, yóò sì lé ìró wọn sókè.

Àpótí náà nìyí tí àwọn oníṣòwò kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1954, Edgar Villchur ní Amẹ́ríkà gbé agbóhùnjáde AR-1 jáde, nínú èyí tí ó ti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tí a dì pa sínú àpótí kékeré ṣe iṣẹ́ ohun tí ń fa awọ padà. Adúnnísàlẹ̀ ínṣì 12 kan ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì ya àwọn ènìyàn lẹ́nu pé àpótí kékeré bẹ́ẹ̀ lè lọ sísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gba agbára iná púpọ̀. Anton Hofmann, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ KLH sílẹ̀ ní ọdún 1957, ni a fi òfin kan sọ orí rẹ̀. Òfin náà ni pé ohun mẹ́ta ni ènìyàn ń fẹ́ lára agbóhùnjáde: àpótí kékeré, ìró tí ó lọ sísàlẹ̀, àti kíké tí kò gba iná púpọ̀. Méjì ni yóò rí, yóò jọ̀wọ́ ẹ̀kẹta. Neville Thiele ní ọdún 1961 àti Richard Small láàárín ọdún 1972 sí 1973, àwọn méjèèjì ní orílẹ̀-èdè Australia, ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìṣirò tí oníṣẹ́-ẹ̀rọ lè ṣe kí ó tó gé pákó.

Àpẹẹrẹ méjì yóò fi èyí hàn. Ní ọdún 1968, ilé-iṣẹ́ Bose gbé agbóhùnjáde 901 jáde. Ẹ̀rọ kékeré mẹ́sàn-án ni ó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ìdábùú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 4½, kò sì sí adúnnísàlẹ̀ ńlá kankan níbẹ̀. Nítorí pé púpọ̀ kò lè sọ wọ́n di jíjìn fúnra rẹ̀, wọ́n ta ẹ̀rọ mìíràn mọ́ ọn tí ń bu agbára kún ìró ìsàlẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n fi agbára iná àti ìrìn awọ san owó ohun tí wọ́n rí gbà. Ní ọdún 1969, Ampeg gbé SVT jáde fún àwọn tí ń ta gìtá báàsì. Mẹ́jọ oní-ínṣì 10 ni ó wà nínú àpótí rẹ̀. Okùn ìsàlẹ̀ pátápátá lára gìtá náà wà ní nǹkan bí 41 Hz, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí etí fi ń mọ gìtá báàsì wà lókè ibẹ̀, ní ìlọ́po méjì àti mẹ́ta ìye yẹn. Kíké àti kíkàn ìró ni olórin orí ìtàgé ń wá, mẹ́jọ náà sì fún un.

6. Ooru àti iná

Kékeré púpọ̀ ní èrè kan tí a kò gbọ́dọ̀ fi dù wọ́n. Díẹ̀ ṣíún nínú iná tí ó wọ agbóhùnjáde ni ó ń di ìró, nǹkan bí ìdá kan tàbí ìdá mélòó kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyókù ń di ooru lára wáyà tí a ká. Bí wáyà bá gbóná, yóò máa dènà iná sí i, kíké yóò sì máa dínkù ní àkókò tí a fẹ́ kí ó pọ̀ gan-an. Bí wáyà mẹ́rin bá pín ooru náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò tutù ju ọ̀kan tí ó dá a gbé lọ. Lóòótọ́, wáyà ẹ̀rọ ńlá máa ń nípọn ju ti kékeré lọ, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí ó tó ìlọ́po mẹ́rin.

Kí ẹni tí ó bá kó mẹ́rin jọ ṣọ́ bí ó ṣe so wọ́n. Bí ìdènà iná ọ̀kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ óòmù 8, tí a so wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, àpapọ̀ yóò di óòmù 2, ọ̀pọ̀ ampilifáyà ni yóò sì gbóná kọjá ààlà. Bí a bá so wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, yóò di óòmù 32, kíké kò sì ní tó nǹkan. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí a so wọ́n ní méjì-méjì tẹ̀ lé ara wọn, kí a wá so ìpín méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àpapọ̀ yóò padà sí óòmù 8.

7. Ibi tí ìró ń lọ

Ibí yìí ni mo ti rí ìdáhùn sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn wa. Bí ìgbì ìró bá gùn púpọ̀ ju ìdábùú awọ lọ, ìró yóò fọ́n káàkiri bí èéfín. Bí gígùn ìgbì bá sún mọ́ ìdábùú awọ, ìró yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síwájú tààrà bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Adúnnísàlẹ̀ tí a rà jẹ́ ínṣì 15, ojú awọ rẹ̀ gan-an sì jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 33. Ní 1,000 Hz, ìgbì kò ju sẹ̀ǹtímítà 34 lọ. Àwọn ìró tí ó wà ní agbègbè yẹn, tí etí fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo, lọ sí iwájú, kò yà sí igun. Àwọn tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ gbọ́ ìsàlẹ̀, wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ti ínṣì 6, tí ojú awọ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 12, kò ní dé irú ipò yìí títí ìró yóò fi súnmọ́ 2,800 Hz.

Kékeré mẹ́rin kò bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro yìí pátápátá. Bí a bá tò wọ́n sí orí ara wọn bí àtẹ̀gùn, wọ́n ti di ẹ̀rọ kan tí ó ga tó ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà. Ìró wọn yóò fọ́n sí ọ̀tún àti òsì bí ẹni pé ọ̀kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n yóò dínkù sí òkè àti sí ilẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn, èrè ni èyí, nítorí pé àjà ilé kò ní etí. Bí a bá dojú wọn dé, tí a tò wọ́n ní ìbú, èrè náà yóò di àdánù: àwọn tí ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ ni ìró yóò ṣẹ́ kù sí lọ́nà, nítorí pé ìró awọ kan yóò máa pa ti èkejì. Ní ọdún 1983, Joseph D'Appolito ní Amẹ́ríkà ṣe àlàyé bí a ṣe lè fi ẹ̀rọ méjì tí ó jọra sí òkè àti sí ìsàlẹ̀ adúnlókè kan, kí ìró má baà yà sí ibi kan ju ibòmíràn lọ. Títí di òní ni àwọn tí ń kan agbóhùnjáde ń lo ìlànà yẹn.

8. Ọ̀rọ̀ nípa 'yíyára'

Àwọn tí ń ta ẹ̀rọ kékeré máa ń sọ pé adúnnísàlẹ̀ kékeré 'yára' ju ńlá lọ, nítorí pé awọ rẹ̀ fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò ní ìtumọ̀ tí ó dúró. Awọ tí ń mú 40 Hz jáde ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ìgbà ogójì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìbáà jẹ́ ínṣì 6 tàbí ínṣì 18. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé, bí kíké méjèèjì bá dọ́gba, kékeré ni yóò rìn jìnnà jù, nítorí pé ojú rẹ̀ kò fẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn ń gbọ́ tí wọ́n ń pè ní lílọ́ra máa ń jẹ́ àpótí tí a kò ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa, tàbí yàrá tí ìró ń pẹ́ kí ó tó kú nínú rẹ̀.

9. Àkójọ àti àfọ́nká

Ìyàtọ̀ kan ṣì kù tí èdè wa gbọ́dọ̀ sọ kedere. 'Adúnnísàlẹ̀ púpọ̀' lè jẹ́ mẹ́rin nínú àpótí kan, ó sì lè jẹ́ mẹ́rin ní igun mẹ́rin yàrá. Mo dábàá àkójọ fún ti àkọ́kọ́, àti àfọ́nká fún ti èkejì. Iṣẹ́ wọn yàtọ̀ gédégbé. Nínú yàrá tí ó gùn ní mítà 5, ìró tí ó wà ní nǹkan bí 34 Hz yóò máa ta láàárín ògiri méjèèjì, yóò pọ̀ rẹpẹtẹ lẹ́bàá ògiri, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ ní àárín. Àkójọ kò lè wo èyí sàn, nítorí pé ojú kan ni gbogbo wọn wà. Ní ọdún 2002, Todd Welti ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí àfọ́nká, ó sì fi hàn pé bí a bá fi adúnnísàlẹ̀ sí ibi púpọ̀ nínú yàrá, ìró ìsàlẹ̀ yóò túbọ̀ dọ́gba láti ìjókòó kan dé èkejì, àti pé mẹ́rin ti tó. Àfikún lórí mẹ́rin kò mú èrè púpọ̀ wá.

10. Ìgúnlẹ̀

Kí wá ni kí ẹni tí ó dúró níwájú ọ̀jà yàn? Bí ó bá ń fẹ́ ìró tí ó lọ sísàlẹ̀ jù lọ, tí ó ní àyè fún àpótí, tí adúnláàárín sì wà tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ ńlá kí ìró tó gòkè, kí ó ra ńlá kan. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù, tí ó fẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn nínú gbọ̀ngàn, tí àpótí sì gbọ́dọ̀ tín-ín-rín, kí ó ra kékeré púpọ̀ tí a tò sí òró. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ béèrè ìrìn awọ, ìwọ̀n àpótí àti ìdènà iná. Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí, àwòrán ni ó ń tà.

Ní ti gbọ̀ngàn wa, a kò da ẹ̀rọ ńlá nù. Lẹ́yìn ọdún kan, a ra àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí ó ní kékeré mẹ́rin-mẹ́rin, a sì ní kí oníṣẹ́-ẹ̀rọ so wọ́n lọ́nà tí ẹ̀rọ ńlá kò fi ní ṣe ju ìró tí ó wà lábẹ́ 150 Hz lọ. Ìyá ìlù ń dún nísàlẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní igun sì ń dá ọ̀rọ̀ ìlù kọ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé a ti ní ọ̀rọ̀ láti ya fífẹ̀, kíké àti ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀ ní ọjọ́ ìpàdé àkọ́kọ́, ọdún kan yẹn kì bá tí ṣòfò. Nítorí náà, mo gbé àwọn orúkọ wọ̀nyí síwájú ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi fún àgbéyẹ̀wò: agbohùnwọlé, agbóhùnjáde, adúnnísàlẹ̀, adúnláàárín, adúnlókè, ìwọ̀n kíké, ìrìn awọ, àkójọ àti àfọ́nká. Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó dára jù wọ́n lọ, kí ó mú un wá. Ohun tí a ń wá ni kí èdè wa lè ṣe ìṣirò náà láìtàsé.